Owó Ìfẹ̀yìntì Wa, Ilẹ̀ Ta Ló Ń Bà Jẹ́?

Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn ní Bodo, ìlú apẹja kan nílẹ̀ Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers, ẹrẹ̀ á yọ, gbòǹgbò igi ẹ̀gbà á sì hàn síta. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn obìnrin máa ṣa ìṣáwùrú, kí àwọn ọmọdé sì máa lé alákàn wọ ihò. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2008, ọ̀pá epo rọ̀bì tó gba ibẹ̀ kọjá bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Epo náà ṣàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Igi ẹ̀gbà kú lórí ìdúró, ẹrẹ̀ dúdú, bí èèyàn bá sì ki igi bọ̀ ọ́, omi tó ń sun jáde á máa dán fún epo.

Apẹja tó ń ju àwọ̀n sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kó tó rí ẹja tí yóò sè fún ọmọ. Lọ́dún 2015, lẹ́yìn ẹjọ́ tí wọ́n pè ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Shell ní Nàìjíríà, tó ń bójú tó ọ̀pá náà, gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Mílíọ̀nù 35 nínú rẹ̀ lọ sọ́wọ́ nǹkan bí 15,600 ènìyàn, ìyókù sì jẹ́ ti ìlú. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ kan ṣì ń tẹnu mọ́ ni pé odò ò tíì padà sípò.

Ta wá ló ni Shell? Kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn tó ra ìpín nínú rẹ̀ ló ni ín, àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò àti àwọn àpò ìdókòwò tí wọ́n ń kó owó tẹrú tọmọ jọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 2012 ni òfin Bìrìtéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n máa fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn. Owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù sínú àpò ńlá kan tó ń ra ìpín kárí ayé. Shell wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí obìnrin yìí, tí kò dé ilẹ̀ Ògóni rí, ní ìpín kékeré nínú ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pá epo rẹ̀ bẹ́ ní Bodo.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bí àwọn àpò ìdókòwò ṣe ń yẹ ìwà ilé-iṣẹ́ wò fi kan gbogbo wa. Owó wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ wa ló sì fi ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni

Àwọn kan rò pé àṣà tuntun ni kí olówó máa béèrè ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe sí ọmọlàkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1758, ìjọ Quaker ní Philadelphia pinnu láti bá ọmọ ìjọ tó bá ń ra ẹrú tàbí tó ń tà á wí, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ìjọ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà ni John Wesley, tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wàásù pé kí onígbàgbọ́ má ṣe wá owó ní ọ̀nà tó máa pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára. Lọ́dún 1971, àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà dá àpò ìdókòwò Pax World sílẹ̀ nítorí wọn ò fẹ́ kí owó wọn máa ra ohun ìjà fún ogun Vietnam.

Ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ayé. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn yunifásítì, ìlú àti àpò owó ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín wọn nínú ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba apàṣẹ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣòwò. Nàìjíríà náà kò káwọ́ gbera: lọ́dún 1979, ìjọba ológun gba ohun ìní ilé-iṣẹ́ epo BP tó wà nílẹ̀ wa nítorí ọ̀rọ̀ South Africa kan náà.

Lọ́dún 2006, Kofi Annan, ọmọ Gánà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwọn ìlànà mẹ́fà fún ìdókòwò tó mọ ojúṣe rẹ̀, ní ọjà ìpín New York. Ilé-iṣẹ́ tó ti fọwọ́ sí ìlànà náà ti lé ní 5,000 báyìí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn yóò máa wò kí wọ́n tó dá owó sí ilé-iṣẹ́ kan: bó ṣe ń ṣe sí àyíká, bó ṣe ń ṣe sí ènìyàn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀. Lẹ́tà ESG ni wọ́n fi ń ké ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrú.

Ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìyọkúrò. Àpò ìdókòwò á ka àwọn òwò tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn, ó lè jẹ́ sìgá, èédú tàbí àdó olóró, kò sì ní ra ìpín nínú wọn.

Ọ̀nà kejì ni fífún ilé-iṣẹ́ ní máàkì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ka ìròyìn ọdọọdún, ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì gbé máàkì lé ilé-iṣẹ́ lórí. MSCI, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù, ń fún wọn láti AAA, tó dára jù, dé CCC. Alábòójútó owó á wá fi máàkì yìí yan ẹni tí yóò dá owó sí.

Ọ̀nà kẹta ló gba sùúrù jù: kí onípìn-ín dúró sínú ilé-iṣẹ́ náà, kó máa bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì máa dìbò níbi ìpàdé ọdọọdún. Ìpín kì í ṣe ìwé lásán. Ó ní ẹ̀tọ́ ìbò nínú. Ẹni tó bá ní ìpín lè dìbò yọ olùdarí, bí ìpín rẹ̀ bá sì tó iye tí òfin béèrè, ó lè gbé àbá síwájú ìpàdé.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kékeré kan tó ń jẹ́ Engine No. 1 fi èyí han ayé. Ìpín tó ní nínú ilé-iṣẹ́ epo ExxonMobil kò ju nǹkan bí ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún àwọn onípìn-ín ńlá pé ilé-iṣẹ́ náà kò múra sílẹ̀ fún àyípadà ojú ọjọ́. Àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì ti California àti New York gbè é lẹ́yìn, èèyàn mẹ́ta tó fà kalẹ̀ sì wọlé sínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Owó tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nọ́wè àti Niger Delta

Kò sí ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba bíi Nọ́wè. Lópin ọdún 1969 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Ekofisk nínú Òkun Àríwá. Lọ́dún 1990 wọ́n ṣòfin láti máa tọ́jú owó epo náà fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí, owó àkọ́kọ́ sì wọlé lọ́dún 1996. Lónìí, àpò náà ti ju tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ. Òun nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìpín tó wà lọ́jà ayé.

Lọ́dún 2004, ìjọba Nọ́wè yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa yẹ ìwà àwọn ilé-iṣẹ́ wò, kó sì máa dámọ̀ràn ẹni tó yẹ kí wọ́n yọ. Wọ́n yọ Walmart lọ́dún 2006 nítorí bó ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́. Wọ́n yọ Rio Tinto lọ́dún 2008 nítorí ìbàjẹ́ odò ní ibi ìwakùsà kan ní Indonesia. Lọ́dún 2010, àwọn tó ń ṣe sìgá ló kàn. Wọ́n gba Walmart àti Rio Tinto padà lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n rí i pé ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n kò sí mọ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n yọ àti ìdí rẹ̀ ń jáde síta fún gbogbo ayé láti kà.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó Nọ́wè kò ní kí wọ́n ta ìpín inú Shell àti ilé-iṣẹ́ epo mìíràn tó ń jẹ́ Eni. Ohun tó ní kí báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà ṣe ni kó fi ọ̀rọ̀ epo tó ń dà sílẹ̀ ní Niger Delta sínú ohun tí yóò máa bá ilé-iṣẹ́ méjèèjì yanjú fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá.

Àwọn tó ń jà fún àyíká sọ pé ẹni tó bá dúró ń pín nínú èrè, ó ń pín nínú ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìdókòwò dá wọn lóhùn pé bí Nọ́wè bá ta ìpín rẹ̀ lónìí, ẹlòmíì tí kò ní béèrè ohunkóhun ni yóò rà á lọ́la. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn láti dúró ti gba ẹrù lé orí ara rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó béèrè, ìgbà tó béèrè rẹ̀, àti ohun tó yí padà.

Títà kì í ṣe títọ́jú

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ti yí. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, Eni ta ẹ̀ka rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀ Nàìjíríà fún Oando, ilé-iṣẹ́ tó fi Èkó ṣe ibùjókòó. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, Shell náà parí títa tirẹ̀ fún àjọṣe àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Renaissance. Nínú ìwé, ẹrù ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti fúyẹ́. Alábòójútó owó ní Yúróòpù lè wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó rí i pé ìtújáde èéfín wọn dín kù, pé epo tó ń dà sílẹ̀ dín kù, kí máàkì wọn sì gbéra.

Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2011, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ògóni. Ní Nisisioken Ogale tó wà níbẹ̀, wọ́n rí i pé kẹ́míkà benzene tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu, ó sì lé ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Wọ́n ní ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi tó padà sípò, àti pé bílíọ̀nù kan dọ́là ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Bodo láti ṣe ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ fífọ ilẹ̀ àti omi náà mọ́. Ilẹ̀ kò mọ̀ bóyá olówó rẹ̀ ti yí padà nínú ìwé.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ìdókòwò tó ń pe ara rẹ̀ ní ti àyíká ti ń kùnà. Ó ń wọn ohun tó kù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kì í wọn ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí àpò kan bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, kí ilé-iṣẹ́ tó ta ohun ìní rẹ̀ ni ó ti yẹ kó béèrè: ta ni yóò san owó fífọ ilẹ̀ mọ́, ṣé ẹni tó ń rà á lágbára láti ṣe é, ṣé wọ́n sì ti fi owó náà pamọ́ síbi kan?

Máàkì tí kò bára mu

Máàkì fúnra rẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan láti MIT ní Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Zurich fi máàkì ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wé ara wọn. Bí máàkì méjì bá bára mu pátápátá, òṣùwọ̀n wọn á jẹ́ 1. Èyí tí wọ́n rí jẹ́ 0.54 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó ń wo bóyá ilé-iṣẹ́ lè san gbèsè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Tiwọn lé ní 0.9. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ ọmọlúàbí lójú ẹnì kan, kó jẹ́ apanirun lójú ẹlòmíì.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n yọ Tesla, tó ń ṣe ọkọ̀ oníná mànàmáná, kúrò nínú àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìwà wọn dára tí ilé-iṣẹ́ S&P ń ṣe. ExxonMobil, tó ń wa epo rọ̀bì, wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní ìdí: wọ́n wo ẹ̀sùn ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní ilé iṣẹ́ Tesla, wọ́n sì ń fi ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wé ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òwò kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó rẹ̀ síbẹ̀ nítorí ojú ọjọ́ ò mọ̀ pé irú ìwọ̀n báyìí ni wọ́n ń lò.

Ohun tó jinlẹ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀ máàkì yìí kì í wọn jàǹbá tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún ayé. Jàǹbá tí ayé lè ṣe fún èrè ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń wọn. Bí omi bá bàjẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ò ti lágbára láti pe ẹjọ́, ewu owó tó wà níbẹ̀ kéré, máàkì kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí Yorùbá. Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbé lórí epo rọ̀bì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sórí pèpéle epo Parabe tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Chevron láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ìbàjẹ́ àyíká àti àìríṣẹ́. Àwọn ológun fò débẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò, ẹ̀mí méjì sì lọ. Ẹjọ́ rẹ̀ dé San Francisco, àwọn adájọ́ aráàlú sì dá Chevron láre lọ́dún 2008. Ẹni tó bá ń fi máàkì sílẹ̀ á kọ ọ́ pé ẹjọ́ ti parí. Ìdílé tó sin òkú kò lè kọ bẹ́ẹ̀. Bí ètò ìyẹ̀wò kò bá ní ibi tí ohùn irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́

Nítorí pé èèyàn púpọ̀ ń fẹ́ kí owó wọn ṣe rere, orúkọ rere di ọjà. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹta ọdún 2021, pé kí àpò ìdókòwò kọ̀ọ̀kan sọ irú ẹni tó jẹ́. Àwọn tó wà lábẹ́ abala kẹjọ òfin náà ní àwọn ń gbé ire àyíká tàbí ti àwùjọ lárugẹ. Àwọn ti abala kẹsàn-án ní ire yẹn gan-an ni iṣẹ́ àwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdá tí wọ́n fi sí òwò rere, kí wọ́n sì fi hàn pé òwò náà kò ba nǹkan mìíràn jẹ́. Nígbà tí òfin náà le sí i, ọ̀pọ̀ tó ti pe ara rẹ̀ ní ti abala kẹsàn-án sáré padà sí ìkẹjọ ní ìparí ọdún 2022.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ọ́fíìsì DWS ní Frankfurt, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tí Deutsche Bank ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà nípa ìyẹ̀wò àyíká ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Lọ́dún 2023, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 19 dọ́là lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Jámánì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé e.

Òfin ti wá ń le. Ní Yúróòpù, àpò tó bá fi ọ̀rọ̀ àyíká sínú orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ síbi tó bá orúkọ náà mu. Ní Bìrìtéènì, láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìṣúná tó bá ní òun ń ṣe rere fún àyíká gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí tì í.

Nílé ńkọ́?

Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10. Gbogbo rẹ̀ ti ju tírílíọ̀nù 20 náírà lọ. Èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà nínú bọ́ǹdì àti ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ló ń yá owó wa, nítorí náà ọwọ́ ìjọba ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kan wà tó dára. Lóṣù Kejìlá ọdún 2017, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó gbé bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé jáde, bílíọ̀nù 10.69 náírà fún ọdún márùn-ún. Òmíràn tẹ̀lé e lọ́dún 2019, bílíọ̀nù 15. Owó irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ síbòmíì ju iṣẹ́ àyíká lọ. Apá kan nínú rẹ̀ lọ sí iná mànàmáná oòrùn fún àwọn yunifásítì. Ti Bayero ní Kano, mẹ́gáwáàtì 7.1, ṣeé lọ wò. Ohun tó dára nípa rẹ̀ nìyẹn: èèyàn lè débẹ̀ kó béèrè bóyá iná ń tàn.

Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bọ́ǹdì méjì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírílíọ̀nù ogún kéré gan-an. Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì máa ń ṣàlàyé pé ojúṣe àwọn àkọ́kọ́ ni kí owó òṣìṣẹ́ má ṣòfò, àti pé ọ̀wọ́n-gógó ti ń jẹ èrè. Òótọ́ ni. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo kò lè fi afẹ́fẹ́ tó mọ́ san owó ilé. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ọ̀gbàrá gbé oko rẹ̀ lọ lè jẹ́ ọmọ tíṣà náà, owó oúnjẹ tó wọ́n sì ni yóò jẹ owó ìfẹ̀yìntì náà tán.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe dúró de ìjọba Nọ́wè tàbí aṣòfin Yúróòpù. Ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, lè kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o, kó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Inú ilé-iṣẹ́ wo ni owó mi wà? Òwò wo ni ẹ kò jẹ́ fọwọ́ kàn, kí sì nìdí? Báwo lẹ ṣe dìbò níbi ìpàdé àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún tó kọjá? Ìlú wo, odò wo tàbí òṣìṣẹ́ wo ni nǹkan ti sàn fún nítorí ohun tí ẹ béèrè?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn pẹ̀lú orúkọ ibi àti ọjọ́. Àwòrán ewé tútù lórí ìwé ìpolówó kì í ṣe ìdáhùn, máàkì AAA náà kì í ṣe ìdáhùn.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àjọ PenCom, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ti fún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní àǹfààní láti gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ alábòójútó kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èrè àti iṣẹ́ tó yá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò nígbà tí wọ́n bá ń lo àǹfààní yìí. Ó yẹ kí ìbéèrè kẹrin náà wà lára ohun tí a ó máa wò. Alábòójútó tó bá ní òun ń fi owó wa ṣe rere, kó dárúkọ ibì kan ṣoṣo tó ti dára sí i. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ gbé owó yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.